Títí Ilẹ̀ Kọ́nténà Yóò Fi Hàn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ bá mi jà nígbà tí mo dé Èkó, n kò ní dárúkọ ọlọ́pàá, n kò ní dárúkọ àgbèrò. Inú mi ni. Inú tí mo gbé wá láti Sakété, tí màmá mi fi ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún láìgbọ́ ariwo rẹ̀ rí, òun ló dé Ajégúnlẹ̀ tó di ọ̀tá mi.

Orílẹ̀-èdè Benin ni Sakété wà, lódìkejì bọ́dà. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, ṣùgbọ́n Yorùbá là ń sọ nílé, òun la fi ń jà, òun la fi ń sunkún. Ìyẹn ni mo gbójú lé nígbà tí mò ń bọ̀. Mo ní Yorùbá lèmi, Yorùbá ni wọ́n, kí ló lè ṣòro níbẹ̀? Ẹ gbọ́ mi bí mo ṣe gọ̀ tó.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo rí ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá. Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ jí? Ṣé ará ilé jí ire?" Ìyá náà wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Oga, how many you wan buy?" Mo tún kí i lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé kò gbọ́ ni. Ó bá pe ọmọ rẹ̀ látinú ilé pé kó wá, pé wòlíì kan ti dé o. Ní Ajégúnlẹ̀, Yorùbá àti Pijin ń jẹ nínú àwo kan náà, ẹni tó bá sì sọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin rẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ gbàdúrà fún àwọn ni, tàbí ó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti sọ mí ní Kòtonú. Mi ò gbé Kòtonú rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀, òjò sì pa mí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, ó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kí a máa já ẹrù kọ́nténà ní Àpápá. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà ní Warehouse Road, àwa méje la wà níbẹ̀ tí à ń fi èjìká kó àpò látinú kọ́nténà wọlé. Láràárọ̀, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀, màá gba Bọ́ńdárì, ààlà àdúgbò méjèèjì, kọjá sí Àpápá. Bọ́dà méjì lèmi ń ní láyé mi báyìí. Ní ti àkọ́kọ́, ìwé ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Ní ti èkejì, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, àfi kí n ṣáà ti lágbára.

Ọ̀gá wa níbẹ̀ ń jẹ́ Sùnmọ́nù, ṣùgbọ́n Fọ́máànù ni gbogbo wa ń pè é. Ìjọ́rà Bàdíà ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló ti dàgbà, nítorí náà bó bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń pariwo bíi pé rélùwéè ń kọjá lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ àpò tí mò ń gbé pẹ̀lú ìkérora, òun á gbé e pẹ̀lú orin. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí lára rẹ̀: bí iṣẹ́ bá pẹ́, á di ẹ̀ṣẹ́, á fi ti abẹ́ ìgbátí ṣòkòtò rẹ̀, á sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo rò pé ó ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè ni.

Fọ́máànù ní òfin kan tó lágbára ju ti ìjọba lọ. A kì í jẹun títí ilẹ̀ kọ́nténà yóò fi hàn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láago méje àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu àyàfi omi, títí àpò tó gbẹ̀yìn yóò fi jáde. Bó bá ti jáde tán, Fọ́máànù á wọnú kọ́nténà, á gbẹ́sẹ̀ sókè, á fi tẹ ilẹ̀ rẹ̀, gbì! Á wá ké pé, "Ilẹ̀ ti hàn!" Ìgbà yẹn la tó máa ya bo oúnjẹ. Ọjọ́ míì, ilẹ̀ á hàn láago méjìlá. Ọjọ́ míì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní nígbà kan, ọkùnrin kan jókòó jẹun nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà láàárín, ni òkìtì àpò bá ya lulẹ̀ síbi tí ọkùnrin náà ìbá dúró sí. Lójú tèmi, oúnjẹ ló gba ọkùnrin yẹn là. Fọ́máànù ní rárá o, oúnjẹ ló fà á. Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló lé ẹnì kan kúrò láàárín wa nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo, tí kò tiẹ̀ tíì bó o tán. Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà."

Báyìí ni mo ṣe ń jẹun nígbà náà, kí ẹ lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Láàárọ̀, mi ò ní jẹ nǹkan kan. Ọkùnrin kan máa ń dúró lẹ́nu géètì tó ń di oògùn ara ríro sínú ọ̀rá kékeré fún àwa alágbára, pupa kan, funfun méjì. Màá dà á sẹ́nu, màá fi mínírà tútù lé e, èjìká mi á fúyẹ́, màá máa fò káàkiri. Bí ilẹ̀ bá hàn, màá jẹ ìrẹsì ata tó lè jí òkú. Lálẹ́, gaàrí kíkan. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mò ń jayé.

Màmá mi á sì pè lórí fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kò ní kí mi tán kó tó bi mí.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Iyán ni, Mọ́ọ̀mi."

"Ọbẹ̀ wo?"

"Ẹ̀gúsí. Wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ sí i."

Gaàrí ló wà níwájú mi pẹ̀lú ẹ̀pà, tí mò ń rún wọn lọ. Ó ń fetí sílẹ̀.

"Kí ló ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹ yẹn?"

"Eegun ẹran ni, mà."

"Iyán ẹlẹ́gungun! Èkó mà ga o."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò pé mo ti tàn án jẹ.

Ìrora náà kò sáré wá. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹ̀yinná kékeré kan sí abẹ́ àyà mi. Bí ebi bá ń pa mí, á máa jó. Bí mo bá jẹun, á rọlẹ̀ díẹ̀, kó tó tún dìde. Ó wá di pé mò ń ṣẹ́po méjì lábẹ́ àpò. Gbogbo ilé tí mò ń gbé ni wọ́n di dókítà. Ọ̀kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọ̀kan ní wọ́n ti fún mi jẹ lójú oorun. Ẹ́fẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé àpò, ọmọ Ùròbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, òun ní tirẹ̀ gbá orí mi mú, ó ní, "Kòtonú, na your village people." Mo ní ẹ̀yin ará, àwọn ará abúlé tèmi ní láti gba ìwé ìrìnnà kí wọ́n tó lè fò wá pa mí, ta ló máa bá wọn ṣe é?

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ sí ṣáláńgá, mo sì rí i pé ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà títì. Ẹ̀rín pa rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín. Mo rò pé èmi nìyí tí mo máa kú sí ìlú tí wọn ò mọ orúkọ mi, tí wọ́n á máa ní "Kòtonú ti kú." Ẹ́fẹ̀ ló gbé mi lọ sọ́sibítù, ó ń bú mi lójú ọ̀nà títí a fi dé.

Wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ki okùn gígùn kan tó ní ojú lórí bọ̀ mí lọ́fun lọ sínú ikùn, wọ́n ń wo inú mi bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n. Dókítà náà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Ọgbẹ́ ni, ó pupa, ó ní ẹnu. Ó ní ọ́lísà ni. Ó ní kì í ṣe májèlé, kì í ṣe àjẹ́, ata nìkan kọ́ ló sì dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata lè máa ta á. Kòkòrò kan wà tó ń gbé inú ikùn ènìyàn, òun ló gbẹ́ ibẹ̀. Àwọn oògùn ara ríro tí mò ń dà sínú ikùn òfìfo láràárọ̀ ló wá ń bá kòkòrò náà gbẹ́ ẹ.

Ó fún mi ní oògùn: oríṣi méjì tó ń pa kòkòrò, àti kápúsù kan tí mo gbọ́dọ̀ lò ṣáájú oúnjẹ, tó máa dín omi kíkan inú ikùn kù kí ọgbẹ́ lè ráyè jinná. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí oògùn ara ríro ẹnu géètì mọ́, kò gbọdọ̀ sí ògógóró, kò gbọdọ̀ sí sìgá. Ó ní kí n máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lákòókò, kí inú mi má ṣófo pẹ́.

Ó wá béèrè pé, "Aago mélòó lẹ máa ń jẹun níbi iṣẹ́?"

Mo ní, "Bí ilẹ̀ bá ti hàn, mà."

"Ilẹ̀ wo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, "Gbọ́ o. Ọgbẹ́ yìí ti ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá tún ń febi pa á báyìí, ó lè dá lu. Lọ́jọ́ tó bá dá lu, kì í ṣe kọ́nténà ni wọ́n máa tú, inú ẹ ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Bí mo bá jẹun, Fọ́máànù á lé mi. Bí mi ò bá jẹun, wọ́n á la inú mi. Ẹ lè ní kí n sọ fún un pé ara mi ò yá. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ pé dókítà ní àìsàn wà lára òun, Fọ́máànù á kí i ní pẹ̀lẹ́, á ní, "Lọ sinmi, ọmọ mi." Mo ti rí ẹni méjì tó lọ sinmi, ìsinmi wọn ò tíì parí títí dòní. Ó sì ti hàn sí mi pé mi ò lè padà sí Sakété pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo àti ikùn tó ń jẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí àwọn ti kìlọ̀ fún mi kí n má lọ.

Mo lo oògùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ara tù mí, mo jó. Mo ní dókítà yìí mà mọṣẹ́ o, mo kó oògùn tó kù sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìrora náà padà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má bi mí ohun tó sọ. Nígbà tó bú mi tán, ó kọ oògùn mìíràn fún mi, ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí n wá ẹnì kan tí á máa bi mí lójoojúmọ́ bóyá mo ti lò ó àti bóyá mo ti jẹun.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀sibítù, mo ń ronú ẹni tó lè jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó máa ń dùn mí. Ní Èkó, gbogbo ènìyàn ló ń bi mí níbi tí mo ti wá. Bí mo bá lọ kí wọn nílé ní Sakété, wọ́n á máa bi mí ìgbà tí mo máa padà. Ará Èkó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, Kòtonú ni wọ́n ń pè mí níbí. Àmọ́ nínú gbogbo ọmọ aráyé, níbí àti lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bi mí pé kí ni mo jẹ. Òun gan-an ni mo sì ń purọ́ fún.

Mo pè é. Mo ní, "Mọ́ọ̀mi, ọ̀rọ̀ iyán yẹn..."

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

"Gaàrí ni."

"Mo mọ̀. Láti ọdún wo ni iyán ti ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìgbẹ́ dúdú, okùn olójú, kòkòrò, òfin Fọ́máànù. Mo wá gbọ́ tó ń fọn imú. Ó ní, "O wà níbẹ̀ tí ò ń ṣẹ̀jẹ̀, èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ mi ń jẹ ẹran ìgbẹ́." Ìyẹn wọ̀ mí lára ju okùn dókítà lọ.

Láti ọjọ́ kejì, màmá mi gba iṣẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀, fóònù: "Kápúsù dà?" Aago mẹ́wàá: "O ti jẹ?" Aago kan: "O ti tún jẹ?" Ó ní kí n máa rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú sínú omi kí n máa mu omi rẹ̀. Mo bi dókítà. Dókítà ní kí n se ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kí n jẹ ẹ́ bó bá wù mí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ipò oògùn. Màmá mi ní dókítà yẹn gbọ́n, ṣùgbọ́n ṣé ó ti bímọ?

Ó wá ku ibi tí màá ti máa jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè sápò ṣòkòtò. Àpò ìyẹ̀fun kan gún mi níbàdí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ìfọ́, mo fi itan tó ń yọ̀ ṣiṣẹ́ dìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo fi àkàsà, ẹ̀kọ inú ewé, sábẹ́ fìlà. Ooru inú kọ́nténà mú un, omi rẹ̀ ń ṣàn sí mi lójú, Fọ́máànù ní òógùn mi mà funfun. Ní ọjọ́ kẹta, mo rọ ògì sínú ike omi. Ó dáa títí Ẹ́fẹ̀ fi rò pé sódabì, ògógóró ti Benin, ni mo gbé wá láti ilé, ó jí ike náà, ó gbé e mì kàló. Bó ṣe yí ojú padà sí mi!

"Kòtonú! Na pap be this? Ògì ọmọ ọwọ́?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un. Ẹ́fẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú mi fó. Òun gan-an ló dá ọgbọ́n tó kẹ́yìn: kí n máa sọ pé ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe mí. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń torí rẹ̀ ní kéèyàn lọ sinmi. Ta ló máa dí ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe lọ́nà?

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Bó bá ti di aago mẹ́wàá, màá di ikùn mú, màá ké pé, "Fọ́máànù, inú o!" Màá sáré lọ sẹ́yìn òkìtì táyà àlòkù tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, màá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, màá dáhùn ìpè màmá mi. Aago kan, "Fọ́máànù, ó tún dé o!" Wọ́n ń ṣàánú mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àṣírí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Mò ń padà bọ̀, Ẹ́fẹ̀ sáré pàdé mi, ó sọ lábẹ́ ètè pé, "Guy, ẹni tó lọ yàgbẹ́ kì í padà wá nu ẹnu."

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí mo gbàgbé ni pé Fọ́máànù kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìgbẹ́ gbuuru mi ń bà á lọ́kàn jẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oògùn mi, à ń já àpò wàrà gbígbẹ. Àpò ṣì kún inú kọ́nténà dé òrùlé, àyàfi ilẹ̀ kékeré kan tí kò ju ibi tí ẹnì kan lè dúró sí lọ lẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀. Fọ́máànù pàtẹ́wọ́, ó ní kí gbogbo wa dúró. Ó gbé ìgò kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Egbò ló kún inú rẹ̀, ògógóró ni wọ́n sì fi rẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ nìkan mú omi jáde lójú mi.

Ó ní, "Kòtonú, àgbo bàbá mi rèé. Ó máa ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró bí ẹni ti ìlẹ̀kùn. Ìjọ́rà ni mo ti lọ wá egbò rẹ̀ lánàá. Gbé e mu ní ìdúró kan. Láti ìsinsìnyí, má fi oúnjẹ kan ẹnu títí di ọ̀la, oúnjẹ yẹn ló ń sáré jáde lára ẹ."

Ó rọ ọ́ kún kọ́ọ̀bù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń ṣe "Àmín" kí n tó mu ún. Mo wo kọ́ọ̀bù náà. Mo rí ọgbẹ́ mi nínú rẹ̀, pupa, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Bí mo bá mu ún, ọ̀sibítù. Bí mi ò bá mu ún, mo ti tàbùkù ọ̀gá mi níṣojú gbogbo wọn, n ó sì ní láti sọ ìdí. Mo gbé kọ́ọ̀bù dé ètè.

Fóònù mi dún nínú àpò. Aago mẹ́wàá ti lù.

Kí n tó mira, Ẹ́fẹ̀ ti yọ fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè gbọ́. Títí dòní, ó ní ìka òun ló yọ̀. Irọ́ ni.

Ohùn màmá mi gba gbogbo ibẹ̀ kan: "Ọmọ mi, ṣé o ti wà lẹ́yìn táyà? O ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ? Má jẹ́ kí Fọ́máànù rí ẹ o!"

Fọ́máànù wo fóònù, ó wò mí, ó wo apá ibi tí òkìtì táyà wà. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Màmá mi gbọ́ pé ohùn mi kọ́ nìyẹn. Ó yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀, ó dùn bí oyin. "Ṣé ọ̀gá ọmọ mi nìyẹn? Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni mí, ní Sakété."

"Ẹ kú ilé, mà," ni Fọ́máànù wí. Kò sí rélùwéè nínú ohùn rẹ̀ mọ́. "Mà, ọmọ yín sọ fún wa pé ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe òun ni."

"Irọ́ ló pa, sà. Ọmọ mi mọ irọ́ pa, èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ dárí jì í. Ọgbẹ́ ló wà nínú ikùn rẹ̀, dókítà ní kó máa jẹun lákòókò. Ó ń bẹ̀rù yín ni. Wọ́n ní ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ hàn kí ẹ tó jẹun. Ilẹ̀ wo ni, sà?"

Fọ́máànù ṣàlàyé òfin rẹ̀ fún un, títí kan ọkùnrin tó ń jẹun tí àpò ya lulẹ̀. Màmá mi tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń ní "hẹ́ẹ̀n, hẹ́ẹ̀n." Ó wá ní, "Ó dáa, sà. Ẹ̀yin lẹ lòfin. Ẹ kàn jẹ́ kí n bi yín léèrè kan. Wọ́n ti ki ojú bọ inú ọmọ mi, wọ́n wò ó dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ikùn rẹ̀ ti hàn, ọ̀gá. Ó hàn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nínú ilẹ̀ méjèèjì yìí, èwo ni ká kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀?"

Fọ́máànù gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀, ó da àgbo bàbá rẹ̀ nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ní ó ti parí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí mo kó bàtà mi sí. Ó wọ ẹnu kọ́nténà, ó yíjú sí àpò tó kún dé òrùlé, ó wá ilẹ̀ kékeré yẹn rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi tẹ̀ ẹ́, gbì!

"Ilẹ̀ ti hàn!"

Ẹ ò gbọ́ ariwo tí àwọn ènìyàn wa pa. Ẹ́fẹ̀ ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sókè. Gbogbo wọn ni wọ́n tú oúnjẹ jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń fi oúnjẹ pamọ́: ẹnì kan yọ búrẹ́dì láti inú bàtà òjò rẹ̀.

Mo lo oògùn mi pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, mi ò fo ọ̀kan. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò fún mi, wọ́n ní kòkòrò náà ti lọ. Èmi ò sì tún dúró lẹ́nu géètì ra oògùn inú ọ̀rá mọ́. Láti ìgbà yẹn, ilẹ̀ kọ́nténà wa máa ń hàn láago mẹ́wàá, á tún hàn láago kan, ì báà kún dé òrùlé. Àwọn tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí kejì ní Fọ́máànù ti ń darúgbó.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni mò ń rántí jù. Mo jókòó lórí àpò, mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́. Fọ́máànù wá jókòó tì mí. Kò gbé oúnjẹ kankan wá, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìgbátí. Mo na ọ̀rá ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ó mú èyí tó tóbi jù, ó rọra jẹ ẹ́, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Dókítà yẹn, níbo ló wà?"

Mo júwe ibẹ̀ fún un. Ó mi orí. Ó jẹ díẹ̀ sí i.

"Màmá ẹ, aago mélòó ló tún máa pè?"

"Aago kan, sà."

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Mi ò gbọ́ kí Fọ́máànù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rí títí di ọjọ́ yẹn.

"Bó bá pè," ó ní, "fún un ní nọ́ńbà tèmi náà."